Lẹ́tà tí Mo Fi Àpò Ìwé Lọ́yà Rán

Ẹni tó bá mọ̀ mí ní Ìta Fàájì mọ̀ pé ẹnu mi kì í sinmi. Àwọn ará ilé wa máa ń sọ pé tí àwọn bá ti gbọ́ ohùn mi láti ẹnu ọ̀nà, ọjọ́ ti rọ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá rí mi níbi iṣẹ́, ẹ ò ní gbà pé èmi náà ni. Ọ́fíìsì àwọn lọ́yà kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Igbosere, ìwé ni mo ń tẹ̀: ìwé ẹ̀sùn, ìwé ìbúra, ìwé ilẹ̀. Mo lè tẹ ojú ewé mẹ́wàá láì wo ọwọ́ mi lẹ́ẹ̀kan. Àmọ́ tí oníbàárà tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa bá wọlé tó bi mí léèrè ọ̀rọ̀, mo di odi. "Good morning sir, please sit down," ó parí.

Nígbà tí àyè ṣí sílẹ̀ níwájú, níbi tí wọ́n ti ń gbàlejò, ọ̀gá wa obìnrin pè mí. Ó ní èmi lòun fẹ́ fi síbẹ̀, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì mi gbọ́dọ̀ gòkè díẹ̀ sí i. Ó sọ fún mi pé tíṣà kan tó ti fẹ̀yìntì ń kọ́ àwọn àgbà lókè ilé ìtàwé kan nítòsí kóòtù, ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn iṣẹ́. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni mí nígbà yẹn. Mo ra ìwé àti bírò, mo lọ bá àwọn tí mo lè bí lọ́mọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà.

Ẹni tí inú rẹ̀ dùn sí i jù lọ ni ọ̀rẹ́ mi. Ilé-kéwú la ti pàdé nígbà tí a wà ní ọmọ ọdún méje. Òun wá láti Ẹnu Ọwá, èmi láti Ìta Fàájì, ìyá rẹ̀ sì ni ìyá kejì tí mo ní láyé. Kò kọjá ìwé mẹ́fà kí wọ́n tó fi í sẹ́nu iṣẹ́ télọ̀, títí dòní ló sì ń rán yunifọ́ọ̀mù ọmọ iléèwé ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan nísàlẹ̀ ilé bàbá rẹ̀. Àwa méjèèjì kì í pe ara wa lórúkọ. "Tèmi" ni mo ń pè é, "Tèmi" ló ń pè mí, ìgbà mìíràn wà tí àwọn èèyàn á rò pé orúkọ wa nìyẹn. Lọ́sẹ̀ tí mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, ó ń sọ fún gbogbo oníbàárà rẹ̀ pé, "Ẹ ò rí ọ̀rẹ́ mi bí? Gẹ̀ẹ́sì àwọn lọ́yà ló ń kọ́ o! Ẹ̀yin ẹ máa wò ó."

Tíṣà wa jẹ́ bàbá Ìjẹ̀ṣà kan tó ń de táì nínú ooru. Àkànlò èdè ló fẹ́ràn jù, ó ní ibẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì fi ara pamọ́ sí. Orí ọ̀rẹ́ àti ìbáṣepọ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀. Ó kọ́ wa pé àwọn òyìnbó máa ń sọ pé ẹni méjì tó mọwọ́ ara wọn gan-an ń ṣe bí ilé tó ń jó. A wo ara wa lójú. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó níbi tí ògiri ilé kan ti gbára lé tèkejì, kò sẹ́ni tó lè fi iná ilé ṣàpèjúwe ohun tó dùn. Obìnrin Èkìtì kan tó ń ta bàtà ní Ìdúmọ̀tà nawọ́ sókè, ó ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò sí panápaná lọ́dọ̀ wọn ni?" A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Mo gbádùn kíláàsì yẹn, mi ò ní purọ́. Mo máa ń sá kúrò níbi iṣẹ́ kí n lè tètè débẹ̀.

Ọjọ́ kan ló wá kọ fair-weather friend sójú pátákó. Ó ní ọ̀rẹ́ ìgbà tí ojú ọjọ́ dára ni, ẹni tó wà pẹ̀lú rẹ nígbà tí oòrùn ń ràn, tí òjò bá ti ṣú, kò sí mọ́. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi, mo fàlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì. Ojú ẹsẹ̀ ni mo ti mọ ẹni tí mo fẹ́ pè bẹ́ẹ̀.

Oṣù mẹ́rin ṣáájú ìgbà yẹn, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi. Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi wà lórí ibùsùn ní ọsibítù. Ọ̀rẹ́ mi wá lọ́jọ́ kìíní, ó gbé ògì gbígbóná wá nínú fúláàsì, ó jókòó tì mí títí wọ́n fi lé àwọn àlejò jáde. Láti ọjọ́ náà, kò wá mọ́. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí àsìkò àlejò bá tó, ẹnu ọ̀nà ni mo máa ń wò. Obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní àlejò débi pé wọ́n ń jókòó sí ẹsẹ̀ ibùsùn tèmi. Nígbà tí mo délé, ọ̀rẹ́ mi wá, ó dì mọ́ mi, ó ní, "Tèmi, má bínú, iṣẹ́ ló wọ̀ mí lọ́rùn. O mọ bí yunifọ́ọ̀mù ṣe máa ń rí tí iléèwé bá fẹ́ wọlé." Mo ní kò séwu. Ewu wà. Mo gbé e sínú bí ẹni gbé ẹyin sábẹ́ adìyẹ.

Opó ni mí, èmi àti ìyá mi la jọ ń gbé inú yàrá kan. Ìyá mi ti dàgbà, ìgbàgbé sì ti mú un; a ní láti wẹ̀ ẹ́, a ní láti fi oúnjẹ sí i lẹ́nu. Ìyàwó àbúrò mi ló ṣèlérí pé òun á máa ti Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta wá lójoojúmọ́ tọ́jú rẹ̀ títí màá fi ti ọsibítù dé. Mo sì bá ìyá mi ní mímọ́ tónítóní, wọ́n ti fi ìpara pa á lẹ́sẹ̀, wọ́n ti di irun rẹ̀. Mo gbé aṣọ àǹkárá fún ìyàwó wa, mo dúpẹ́ títí, ó gbà á pẹ̀lú ìtìjú díẹ̀. Nǹkan kan péré ló yà mí lẹ́nu. Tí mo bá ń wẹ ìyá mi, orúkọ ọ̀rẹ́ mi ló máa ń fi pè mí. Mo rò pé ìgbàgbé náà ló ń le sí i.

Ẹ wá jẹ́ kí n sọ ti lẹ́tà. Tíṣà ní kí oníkálukú kọ lẹ́tà nípa ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, kó sì lo àkànlò èdè márùn-ún níbẹ̀. Àwọn yòókù ráhùn. Èmi kò ráhùn. Mo kọ̀wé kún ojú ewé méjì. Mo kọ ọ́ pé mo ní ọ̀rẹ́ kan tó jẹ́ télọ̀, fair-weather friend ni. Mo ní nígbà tí ara mi le, a jọ ń jẹ, a jọ ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo dùbúlẹ̀, yunifọ́ọ̀mù ṣe pàtàkì jù mí lọ. Mo ní tí a bá wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa, kì í ṣe ọ̀rẹ́, ojúlùmọ̀ ni.

Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé mi ò lè sọ ìdajì rẹ̀ ní Yorùbá. Ẹnu mi ò ní gbà á. Tí n bá fẹ́ sọ ọ́ lédè wa, ojú ìyá rẹ̀ á kọ́kọ́ wá síwájú mi, bó ṣe máa ń bu ẹ̀wà sáwo kan fún àwa méjèèjì. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Láti kékeré la ti ń gbọ́ ọ. Àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò rí bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ó fúyẹ́. Mo ń kọ ọ́ bí ẹni ń kọ̀wé nípa ènìyàn tí kò sí níbì kankan láyé. Tíṣà fi bírò pupa kọ Excellent sí i, ó kà á sí kíláàsì létí, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Inú mi dùn débi pé mo ra ẹja díndín lọ fún ìyá mi.

Ọmọbìnrin ọ̀rẹ́ mi ń múra ìdánwò àṣewọlé yunifásítì lásìkò náà. Ó wá bá mi, ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní ìwé yín, kí n da àwọn àkànlò èdè yẹn kọ." Mo gbé e fún un. Mi ò rántí pé lẹ́tà wà nínú rẹ̀. Ohun tí mo máa ń sọ nìyẹn, àmọ́ àwọn ọjọ́ kan wà tí mo máa ń bi ara mi bóyá lóòótọ́ ni mi ò rántí.

Ọmọ náà ló ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi lẹ́yìn náà. Ó ní òun jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, òun ń da ìwé kọ, ìyá òun sì wà nídìí ẹ̀rọ. Ìyá rẹ̀ ní, "Kà á sókè, jẹ́ kí n gbọ́ nǹkan tí Tèmi ń kọ́." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, ó ń túmọ̀ rẹ̀, ìyá rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ó ń bá mi yọ̀. Títí ó fi ṣí ojú ewé tí lẹ́tà wà. Ó dákẹ́. Ìyá rẹ̀ ní, "Kí ló dé? Máa kà á lọ, ó dùn mọ́ mi." Ọmọ náà kò mọ irọ́ pa. Ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó túmọ̀ rẹ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ó ní ìyá òun rán apá ṣẹ́ẹ̀tì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán, ó já òwú, ó ní kí òun gbé ìwé náà wá.

Lọ́jọ́ kejì ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbé e wá sílé wa. Ó ti fi ìwé ìròyìn wé e kó má baà dọ̀tí. Ó gbé e sórí tábìlì, ó ní, "Ìwé yín rè é." Ó yí padà, ó sọ̀kalẹ̀. Láti ìgbà ilé-kéwú, kò sọ "yín" sí mi rí. Mo ṣí ìwé náà, mo rí lẹ́tà mi níbẹ̀.

Ohun tó yẹ kí n ṣe kò ṣòro, ọmọdé pàápàá mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá ṣẹ̀ á wá àgbà kan fi síwájú, á lọ kúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú tì mí. Tí mo bá bẹ àgbà, àgbà á ní kí ni mo ṣe, màá sì ní láti fi Yorùbá sọ ọ́. Ni mo bá gba ọ̀dọ̀ tíṣà lọ. Mo bi í pé kí ni àwọn òyìnbó ń sọ tí ọ̀rẹ́ méjì bá fẹ́ parí ìjà. Inú rẹ̀ dùn, ó fún mi ní mẹ́ta: ká ri àáké mọ́lẹ̀, kí ohun tó ti kọjá máa kọjá lọ, ká ṣí ewé tuntun.

Mo tẹ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ náà ní ọ́fíìsì nígbà ìsinmi ọ̀sán. Gẹ̀ẹ́sì ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mo rò pé ọmọ rẹ̀ á túmọ̀ rẹ̀ fún un, bó ṣe túmọ̀ èyí tó bà á nínú jẹ́. Mo fẹ́ kó lẹ́wà, nítorí náà mo mú àpò ìwé gígùn tó dára jù ní ọ́fíìsì, èyí tí wọ́n tẹ orúkọ ilé-iṣẹ́ wa sí lórí, mo sì fi ẹ̀rọ tẹ orúkọ rẹ̀ sí iwájú. Bàbá tó máa ń bá wa pín ìwé kóòtù kiri ń lọ sí apá Ẹnu Ọwá lọ́sàn-án yẹn. Mo ní, "Bàbá, ẹ dákun, ẹ bá mi fi èyí jíṣẹ́ lọ́nà."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá gbé Ìsàlẹ̀ Èkó ti mọ ohun tí mo ṣe. Èmi tó ń tẹ ìwé ẹ̀sùn láti ọdún méjìlá, mi ò rò ó. Gbogbo àdúgbò ló mọ bàbá yẹn. Tó bá ti ya ilé rẹ, ẹnì kan ti pè ọ́ lẹ́jọ́ nìyẹn. Ìgbà tí wọ́n sì ń ta ilé ẹbí káàkiri fún àwọn tó fẹ́ kọ́ plásà, kò sí ohun tó ń já àyà àwọn ará ibẹ̀ bí àpò ìwé gígùn láti Igbosere. Bàbá náà ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe é: ó pe orúkọ rẹ̀ lójú gbogbo èèyàn, ó sì ní kó buwọ́ lùwé pé òun ti gbà á.

Ọ̀rẹ́ mi kò ṣí i. Ó pa ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dé, ó gbé e lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tó jẹ́ olórí ẹbí wọn. Wọ́n kó ara wọn jọ sí àgbàlá, àwọn ìyàwó ilé, àwọn àbúrò, gbogbo wọn, wọ́n ní kí ọmọ rẹ̀ kà á. Nígbà tó dé ibi àáké, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní, "Àáké wo? Ta ló yọ àáké sí ta?" Ọmọ náà ń ṣàlàyé pé ẹ̀bẹ̀ ni, kì í ṣe ẹjọ́. Wọ́n ní ẹ̀bẹ̀ nípa kí ni? Báyìí ni ọ̀rọ̀ tí ọ̀rẹ́ mi ti bò mọ́ra ṣe di ohun tí wọ́n ń bi í léèrè láàárín agbo, tó sì ní láti sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé àpò ìwé náà sókè, ó ní, "A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ẹni tó fẹ́ bẹ̀bẹ̀ kì í rán oníwèé kóòtù sí èèyàn."

Ọmọ náà ló sáré wá sọ fún mi. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń sunkún. "Àǹtí, kí lẹ ṣe báyìí? Kí ló dé tẹ́ ẹ ò kàn wá?"

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n gbé mi bọ́ síwájú ní ọ́fíìsì. Mo jókòó sídìí tábìlì tuntun, mo ń sọ Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn àlejò, kò sì sí ẹni tí mo lè sọ fún. Ẹnì kan ṣoṣo tí ìròyìn náà ì bá dùn mọ́ ni mo ti fi ọwọ́ ara mi lé lọ. Oúnjẹ kò wọ̀ mí lẹ́nu. Mo máa ń jókòó lórí ibùsùn mi, kí n máa wo ògiri, títí ìyá mi á fi bi mí pé ta ló kú.

Nígbẹ̀yìn, mo lọ kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Àgbà ilé wa, obìnrin tó dàgbà jù nínú agbo ilé wa, tí yàrá rẹ̀ dojú kọ balùwẹ̀ ẹ̀yìnkùlé. Mo sọ gbogbo rẹ̀, ní Yorùbá. Ó gbọ́ mi tán. Ó wá ní, "Nígbà tí o wà ní ọsibítù, ta lo rò pé ó ń wẹ ìyá ẹ?"

Mo ní ìyàwó wa ni.

"Ìyàwó yín wá lọ́jọ́ kan péré. Ọ̀rẹ́ ẹ ló ń wá. Á wá láàárọ̀ kó tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, á tún wá nírọ̀lẹ́ láti fún un lóúnjẹ, á jókòó tì í títí táá fi sùn. Ìrọ̀lẹ́ yẹn kọ́ ni wọ́n ń gbàlejò lọ́sibítù? Ṣé ó lè pín ara ẹ̀ sí méjì ni? Òun ló bẹ̀ mí kí n má sọ, pé ìyàwó yín ti bẹ òun, kí ilé yín má baà tú."

Mo rántí bí ìyá mi ṣe máa ń fi orúkọ rẹ̀ pè mí nínú balùwẹ̀. Kò gbàgbé nǹkan kan. Èmi ni kò mọ nǹkan kan. Mo sunkún níwájú Ìyá Àgbà bí ọmọdé, ó sì jẹ́ kí n sun ún.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ìrun, Ìyá Àgbà mú ọ̀pá rẹ̀, ó fi ọwọ́ kejì lé èjìká mi, a sì rìn láti Ìta Fàájì dé Ẹnu Ọwá. A sinmi lọ́nà lẹ́ẹ̀mẹta. Ọ̀rẹ́ mi rí wa láti inú ṣọ́ọ̀bù, ó sáré jáde, ó kúnlẹ̀ kí Ìyá, ó gbé àga fún wọn, ó bu omi tútù wá. Kò wo ojú mi. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ǹtì, èmi obìnrin, láàárín àwọn àjákù aṣọ. Mo ní kó jọ̀ọ́. Mo ní mo ti gbọ́ ohun tó ṣe fún ìyá mi. Mo ní mi ò ní àwáwí.

Ìyá Àgbà ní, "Ahọ́n pẹ̀lú eyín ń jà, ọmọ mi. Nítorí ewú orí mi yìí, dárí jì í." Ìyá fẹ́ sọ̀kalẹ̀ láti orí àga láti kúnlẹ̀ pẹ̀lú eegun wọn tí kò lágbára mọ́.

Ọ̀rẹ́ mi sáré dì wọ́n mú. "Háà, Ìyá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀! Ta ni mo jẹ́? Ó ti tán. Mo ti dárí jì í, tọkàntọkàn." Ó fà mí dìde, ó gbọn ìdọ̀tí kúrò lára bùbá mi. Ó ra mínírà fún wa, a mu ún. Ìyá ṣàdúrà, a ṣe àmín. Ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́. Mo sọ fún un pé wọ́n ti gbé mi síwájú ní ọ́fíìsì, ó ní Ọlọ́run á jẹ́ kó tù mí lára.

Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, ó sìn wá jáde. Ìyá dúró láti kí obìnrin kan tó ń kọjá, àwa méjèèjì sì wà lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù. Mo ní màá yà lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, ká jọ jókòó bí a ṣe máa ń ṣe.

Ó mi orí. Kò bínú, ohùn rẹ̀ tutù. Ó ní, "Kò sí nínú mi mọ́, mo fi Ọlọ́run ṣẹ̀rí. Wọ́n bẹ̀ mí, mo gbà. Àmọ́ má wá. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo bá fẹ́ bá ẹ sọ láti òní lọ, màá kọ́kọ́ ro bí o ṣe máa kọ ọ́ sílẹ̀. Mi ò lè bá èèyàn ṣọ̀rẹ́ báyẹn."

Ó lọ di ọwọ́ Ìyá mú, ó sìn wọ́n dé títì. Mo tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn, mi ò rí ọ̀rọ̀ kankan sọ, ní èdè kankan. Ọdún kejì rèé. Kò purọ́ mọ́ mi o. Ẹ ṣáà wò ó, mo tún ti kọ ọ́.